Akoto Tó Kọ Àna Sílẹ̀

Ọkùnrin méjì ti ń fa akoto kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kí ẹjọ́ náà tó wọ ààfin lánàá. Ọ̀kan di okùn àgbọ̀n rẹ̀ mú, èkejì di iwájú rẹ̀ mú. Wọ́n fà á gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n fà á gba àárín àwọn àga, wọ́n fà á dé iwájú Kábíyèsí, níbi tí ojú ti wá tì wọ́n díẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀.

Akoto náà ń kọrin.

Kábíyèsí wò ó. Ó wo àwọn ìjòyè. Àwọn ìjòyè wo ilẹ̀.

"Ta ló wà nínú rẹ̀?"

Ìjòyè àgbà ló béèrè. Etí rẹ̀ ti wúwo, kì í gbọ́ nǹkan kan nínú ìgbìmọ̀ mọ́ àfi ohun tí kò kàn án.

"Kò sẹ́ni tó wà nínú rẹ̀, Bàbá," ni olùpẹ̀jọ́ wí. "Orin mi ni."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe olùpẹ̀jọ́ yìí. Alùpùpù ló fi ń gbé ẹyin láti oko adìyẹ lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ń gbé ẹyin gba ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò kò lè sáré. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Òjìji ni wọ́n ń pe ẹnìkejì. Oko kan náà ni wọ́n jọ ń bá gbé ẹyin. Bí òun ṣe gba orúkọ tirẹ̀ ni ẹjọ́ ọ̀hún.

"Rojọ́," ni Kábíyèsí wí.

Jẹ́jẹ́ bọ́ síwájú. Ó mọ̀ pé bí òun bá rojọ́ yìí ní wúruwùru, òun ti pàdánù obìnrin tí òun fẹ́ fẹ́ nìyẹn. Obìnrin náà, aránṣọ ni, jókòó sórí àga rọ́bà lọ́wọ́ òsì, ó ń wo ògiri. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó fẹ́ dìde máa lọ.

"Kábíyèsí, mo ra ẹ̀rọ etí."

"Kí ló ń jẹ́ ẹ̀rọ etí?"

"Ẹ̀rọ kékeré kan ni, wọ́n ń há a sínú akoto lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Bulutúùtù ni wọ́n fi ń so fóònù mọ́ ọn, kò ní wáyà. Bí mo bá ń gun alùpùpù lọ, màá máa gbọ́ orin. Bí ẹnìkan bá pè mí, màá dá a lóhùn láì fọwọ́ kan fóònù."

"O fẹ́ máa gbọ́ orin lórí alùpùpù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

"Pẹ̀lú ẹyin lẹ́yìn rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹyin náà. Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ."

"Mo gbé akoto mi lọ sọ́dọ̀ atún-fóònù-ṣe pé kó bá mi so ó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Òjìji náà gbé tirẹ̀ wá pé kí wọ́n bá òun há ẹ̀rọ sí i. Atún-fóònù-ṣe tẹ bọ́tìnì, iná ń ṣẹ́jú pupa, ó ń ṣẹ́jú búlúù. Ó ní, 'Ó ti so.' Mo dé akoto mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n ní sùúrù, pé ẹ̀rọ tuntun máa ń tijú."

"O sì ní sùúrù?"

"Mo ní in, Kábíyèsí. Ó lé lóṣù kan tí mo fi ń gbé akoto odi kiri. Àárín ìgbà yẹn ni ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi."

"Báwo?"

"Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, ó yà sọ́tùn-ún. Bí mo bá dúró ra epo, ó dúró, táǹkì tirẹ̀ sì kún dẹ́nu. Bí mo bá wọ igbó lọ tọ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró dè mí. Ẹyin tó yẹ kó gbé lọ sí òkè odò, ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà tèmi ló ń gbé e bọ̀. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan bi mí bóyá adìyẹ ń bínú sí òun ni tí ẹyin fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Mo ń ṣọ́ ọ ni," ni Òjìji wí. "Ọ̀nà ò dáa."

"Dákẹ́," ni Kábíyèsí wí.

"Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ajá kan sáré kọjá níwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Òjìji rọ́ lù mí lẹ́yìn. Ẹyin rẹ̀, ẹyin mi, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Akoto bọ́ lórí rẹ̀, ó yí wá sí ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n bá a gbé e. Kábíyèsí, orin mi ló ń kọ. Orin tí mo fọwọ́ ara mi kó sínú fóònù. Mo dé e. Ó dùn."

Ó sọ "ó dùn" bí ẹni tó ń túfọ̀.

"Ṣé torí orin lo ṣe kó gbogbo wa jókòó?"

"Rárá, Kábíyèsí. Torí ìpè ni."

Ó nawọ́ sí káfíńtà. Káfíńtà dìde.

"Èmi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo pe ọmọkùnrin yìí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ní, 'Àna mi, ọjọ́ wo ni kí n pe ẹbí jọ fún ìgbéyàwó?' Ohùn kan dá mi lóhùn, ó ní, 'Mi ò ṣe mọ́. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fóònù yín kalẹ̀, ẹ ti dá orin dúró.'"

Ó yíjú sí àwọn ìjòyè.

"Ọmọ tí mo bí!" ni káfíńtà wí. "Ó dá orin dúró!"

"Ṣé ohùn Jẹ́jẹ́ ni?"

"Ohùn rẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Kí lo fi mọ̀ ọ́n?"

"Nọ́ńbà rẹ̀ ni mo pè."

"Ohùn ni mo ní, mi ò sọ nọ́ńbà."

"Kábíyèsí, atẹ́gùn ń fẹ́, alùpùpù ń bú, ẹnìkan sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ki orí bọ garawa. Ta ló tún lè jẹ́?"

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?"

"Ó wá sílé mi lọ́jọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo mú ayùn, mo lé e."

"O bá a?"

"Rárá. Lọ́jọ́ yẹn, kò rọra rìn."

Jẹ́jẹ́ kò lè mú un mọ́ra. "Kábíyèsí, mo rò pé Bàbá ti rí ẹlòmíràn tó dáa jù mí lọ ni. Mo pe ọmọ wọn lálẹ́, kò wọlé. Mo tún pè, kò wọlé."

"Mo ti ti nọ́ńbà rẹ pa kó má wọlé mọ́," ni aránṣọ wí sí ògiri.

Kábíyèsí yíjú sí Òjìji.

"Ìwọ lo dá káfíńtà lóhùn?"

"Kí n má parọ́, Kábíyèsí, èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n bi mí ni."

"Ta ni wọ́n bi?"

"Èmi! Inú akoto mi ni wọ́n ti bi mí. Akoto mi, orí mi, etí mi. Ohùn kan wọlé, ó ní ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó èmi àti ọmọ òun. Mo níyàwó nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí: ọkùnrin tó níyàwó nílé, tí wọ́n ká mọ́ ojú títì pé kó wá fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí ni kó wí?"

"Ó dáhùn dáadáa!" ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ta nìyẹn?"

"Ìyàwó mi ni. Ẹlẹ́rìí mi ni."

"Ó wà lórí alùpùpù lọ́jọ́ náà?"

"Kò sí níbẹ̀. Ó kàn mọ̀ mí ni."

"Orin yẹn ńkọ́? Fóònù tìrẹ ní orin nínú?"

Òjìji yọ fóònù rẹ̀. Ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ohun tó ní kò ju ìyẹn lọ.

"Kí lo wá fẹ́ fi ẹ̀rọ etí ṣe?"

"Mo rí i pé ó ra tirẹ̀ ni."

"Níbo lo rò pé orin ti ń wá?"

"Mo rò pé inú akoto ló wà ni, Kábíyèsí, bí omi ṣe ń wà nínú ọsàn."

"Kí lo wá ń tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ wọ igbó fún?"

Òjìji họ orí.

"Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá jìnnà sí i, olórin á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rẹ́ ni. Mo ní, áà, bó ṣe máa ń rí lára ènìyàn nìyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀."

Kábíyèsí fọwọ́ bojú fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé káfíńtà nìkan lo dá lóhùn?"

"Gbogbo wọn ni. Bí ìpè bá wọlé, orin á dúró. Ẹni náà á máa sọ̀rọ̀, á máa sọ̀rọ̀. Mo wá rí i pé tí mo bá tètè fún wọn lésì, orin á tètè padà."

"Èsì wo?"

"'Mi ò ṣe mọ́.' Ọ̀rọ̀ tí kò bá mu ò pọ̀."

Aránṣọ dìde báyìí. Kò gbójú sókè.

"Èmi náà pè é. Mo ní, 'Kí lo sọ fún bàbá mi?' Ó ní, 'Mi ò ṣe mọ́.' Mo ní, 'Mo ti gé aṣọ ìgbéyàwó.' Ó ní, 'Ẹ rán an fún ẹlòmíràn.'"

"Aṣọ náà dà?"

"Mo rán an fún ẹlòmíràn. Ó ti wọ̀ ọ́ ṣègbéyàwó. Ó yẹ ẹ́."

Jẹ́jẹ́ yíjú sí aránṣọ.

"Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?" ni Kábíyèsí bi aránṣọ.

"Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Kábíyèsí, mi ò lè bá a gbé ilé. Bí kì í bá ṣe òun, kí wọ́n fi hàn mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Kí wọ́n fi hàn mí."

"Kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi hàn," ni káfíńtà wí. "Àwọn méjèèjì ti jọ pète rẹ̀ ni. Ohùn á kúrò nínú fóònù ẹnìkan, á lọ bà lórí ẹlòmíràn? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kan àga. Ẹsẹ̀ tí mo bá kàn mọ́ àga mi, mi ò bá a lábẹ́ àga ará ilé kejì rí."

Àwọn ìjòyè mi orí. Ọ̀rọ̀ àga yé wọn.

Wọ́n pe atún-fóònù-ṣe. Ó wọlé pẹ̀lú tunabíìsì kékeré tó fi ń tú fóònù lẹ́yìn etí.

"Ìwọ lo so fóònù yìí?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ó so dáadáa."

"Ó so mọ́ ti ta ni?"

"Fóònù ní, 'Ó ti so pọ̀.' Kò sọ mọ́ ta ni. Èmi náà ò bi í."

"Akoto méjì ló wà lórí tábìlì rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dúdú méjèèjì. Orúkọ kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì ń jẹ́ lórí fóònù. Mo tẹ èyí tó sún mọ́ mi."

"Jẹ́jẹ́ padà wá bá ọ pé kò dún?"

"Kì í yé wá. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó so."

"Báwo ló ṣe máa so, nígbà tí akoto Òjìji ò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Òjìji dúró sẹ́nu ọ̀nà mi."

"Irọ́ ni!" ni Òjìji wí. "Mi ò débẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kìíní."

"O jókòó sórí búlọ́ọ̀kù mi, o dé akoto, ò ń mi orí bí aláǹgbá."

"Mo ń kọjá lọ ni."

"O kọjá lọ títí mo fi ti ìsọ̀."

Ìjòyè àgbà ti gbọ́ tó. Ó ní kí wọ́n fi Òjìji sí ìdí kíkó ìgbẹ́ adìyẹ títí irùngbọ̀n rẹ̀ á fi funfun. Àwọn ìjòyè yòókù ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Òjìji fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. Kò tíì ní irùngbọ̀n.

"Ẹ dúró ná," ni Kábíyèsí wí. "Ọmọbìnrin yìí ní kí wọ́n fi han òun. Ẹ gbé akoto yẹn wá. Èmi fúnra mi ni màá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó ṣí fìlà. Orí ọba kì í ṣe orí kékeré. Ìjòyè méjì dìde, wọ́n tẹ akoto náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, títí ó fi wọlé. Jẹ́jẹ́ tẹ orin.

Ẹsẹ̀ Kábíyèsí bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Kábíyèsí, ṣé ó ń dún?"

Ó ti pa ojú dé.

"Kábíyèsí, ẹjọ́ ńkọ́?"

Ó na ìka kan sókè pé kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Orin kan tán, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Fáànù ń yí lókè. Ẹnìkan yán níbi àga ẹ̀yìn. Ìjòyè àgbà bi ẹni tó jókòó tì í bóyá Kábíyèsí ti sùn.

Lójijì, ẹsẹ̀ náà dúró.

Jẹ́jẹ́ wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó ti tan iná. Ọ̀gá oko adìyẹ ló ń pè.

"Akoto máa gbé e fúnra rẹ̀," ni atún-fóònù-ṣe wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i!" ni Jẹ́jẹ́ kígbe.

Kábíyèsí kò gbọ́. Ẹni tó bá dé akoto máa ń rò pé gbogbo ayé ló dé e. Ó pariwo:

"Ta ni?"

Ó tẹ́tí.

"Ẹyin wo?"

Ó tún tẹ́tí.

"Ta ni ọ̀lẹ? Èmi? Orí ta ló dà bí ìdí ìkòkò? Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé o mọ̀ ọ́n? Mi ò ṣe mọ́! Gbé ẹyin rẹ fún ẹlòmíràn! Sọ fóònù rẹ kalẹ̀, jàre, o ti dá orin dúró!"

Ó fẹ̀yìn ti àga.

Ẹsẹ̀ Kábíyèsí tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Káfíńtà dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo akoto náà bí ẹni tó rí olè rẹ̀ lọ́jà.

"Ohùn yẹn nìyẹn," ló wí. "Ohùn garawa yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an." Ó ronú díẹ̀. "Àbí Kábíyèsí ló kọ ọmọ mi ni?"

"Rárá, Bàbá," ni aránṣọ wí. Ó ti kúrò lójú ògiri. "Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé e ló ń sọ ọ́." Ó wá fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

Jẹ́jẹ́ rí ẹ̀rín náà. Ó ti pẹ́ tó ti rí i gbẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ìbá dùn tán pátápátá, ká ní kò rántí pé òun kò níṣẹ́ mọ́.

Àwọn ìjòyè fa akoto yọ. Etí Kábíyèsí ti pọ́n.

"Kí lẹ ń wò mí fún?"

"Kábíyèsí," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ẹ ti bá mi fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Èmi? Ọkùnrin yẹn bú mi."

"Èmi ló ń bú."

"Inú etí mi ló ti bú mi."

Òjìji fò sókè. "Ohun tí mo ń wí nìyẹn! Akoto yín, orí yín, etí yín! Kábíyèsí, kí ni kí ènìyàn wí?"

Ikọ́ mú gbogbo ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, wọ́n kórí jọ. Wọn ò pẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìgbẹ́ adìyẹ mọ́. Kábíyèsí dé fìlà rẹ̀, ó gún un dáadáa.

"Ìgbìmọ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò tinú-tòde. Ẹni tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀ nínú etí rẹ̀, tó sì dáhùn, kò jẹ̀bi. Òfin ìlú yìí nìyẹn."

"Láti ìgbà wo?" ni Ìjòyè àgbà bi í. Ó ti tún gbọ́ràn.

"Láti ìsinsìnyí. Akoto ló jẹ̀bi. Ó gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì mú kí àgbàlagbà sọ̀kò ọ̀rọ̀. Mo rán an lọ sẹ́wọ̀n. Yàrá mi ni ẹ̀wọ̀n náà."

"Fóònù mi ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Òun ló ràn án lọ́wọ́. Wọn á jọ ṣẹ̀wọ̀n náà. Ẹ má gbàgbé wáyà tó fi ń gba iná."

"Kábíyèsí, fóònù mi ni—"

"Ìyàwó lo fẹ́ ni, àbí fóònù?"

Jẹ́jẹ́ wo aránṣọ. Aránṣọ ń wò ó, ó ń dúró de èsì. Jẹ́jẹ́ kò rọra ronú rárá.

"Ìyàwó."

"Káfíńtà, o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì." Káfíńtà jókòó. "Mo gbà."

"Òjìji, o fẹ́ràn àtitẹ̀lé e. Máa tẹ̀ lé e lọ. Iṣẹ́ tìrẹ ṣì wà. Tirẹ̀ ti lọ, a ò sì ní máa wádìí bó ṣe lọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ ṣe ẹyọ kan tó kù. Jẹ́jẹ́ á máa wa alùpùpù. Ìwọ á jókòó sẹ́yìn, wàá gbé ẹyin lé itan, wàá sì máa kọ gbogbo orin tí o ti gbọ́ sí i létí, o ò gbọdọ̀ fo ọ̀kan."

"Kábíyèsí, mi ò lóhùn."

"A mọ̀. Ìjìyà ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn."

"Kí lèmi ṣe?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"O gbé ẹyin, o tún fẹ́ máa gbọ́ orin."

"Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́?" ni Ìjòyè àgbà bi í.

"Á pe Òjìji. Ohun tó bá wí ni Òjìji á wí, bó ṣe wí i gẹ́lẹ́."

"Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ńkọ́?"

"Á wí i."

"Kò ní wí i!" ni ìyàwó Òjìji kígbe láti ẹ̀yìn.

Wọ́n ní kí atún-fóònù-ṣe máa wá lójoojúmọ́ wá wo ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n méjèèjì, kí orin má bàa já. Ààfin tú.

Láàárọ̀ yìí, Jẹ́jẹ́ àti Òjìji gbé ẹyin lọ sí òkè odò. Àwọn tó pàdé wọn ní Òjìji ń kọrin, Jẹ́jẹ́ sì ń sáré. Aránṣọ ti ra aṣọ mìíràn, kò tíì gé e. Nígbà tó di ọ̀sán, káfíńtà pe nọ́ńbà àna rẹ̀ láti bi í ọjọ́ tó máa pe ẹbí jọ. Kábíyèsí ló gbé e.

Wọn ò tíì mú ọjọ́.